Mo lọ wo òkúta platinum ní Steelpoort: ẹ gbé oúnjẹ yín dání

Mẹkáníìkì ni mí, Pretoria ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oṣù tí oníbàárà kan ò ní wá sọ pé olè ti gé catalyst (ohun tó ń dín májèlé inú èéfín kù) abẹ́ mọ́tò òun lọ. Nítorí platinum, irin olówó iyebíye, tó wà nínú ẹ̀ ni o. Ìyẹn ló jẹ́ kí n san ráńdì 1,450 fún àwọn kan tó ń kó èèyàn lọ wo ibi tí platinum ti ń wá ní Steelpoort, ìlú ìwakùsà kan ní South Africa níbí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó bí mi nínú. Aago 5 àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa, aago 6 kọjá kí bọ́ọ̀sì tó yọjú. Wọ́n ní a máa wọ inú kòtò ìwakùsà. A dé ọ̀hún tán, wọ́n ní kò ṣeé ṣe, wọn ò sì dá kọ́bọ̀ padà. Oúnjẹ ọ̀sán? Búrẹ́dì tó ti gan àti ápù kan. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú!

Àmọ́ a dé etí odò Dwars, mo gbàgbé ebi. Òkúta funfun ni, ìlà chromite (òkúta tí wọ́n ti ń yọ irin chromium) dúdú minimini wá tò sínú ẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ, bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ aṣọ òfì sórí àpáta. Níbòmíì, ìlà kan á là sí méjì, wọ́n á tún padà di ọ̀kan.

Bàbá afẹ̀yìntì tó ń ṣàlàyé fún wa ló gba owó mi sílẹ̀. Ó ní ó ti lé ní bílíọ̀nù 2 ọdún tí òkúta yíyọ́ ti ru wá láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, títí ó fi nípọn tó kìlómítà 7 sí 9. Bó ṣe ń tutù, oríṣiríṣi ń dì tẹ̀ léra wọn, èyí tó wúwo ń rì, bí ògì ṣe máa ń rì tí omikan á tòrò sókè. Platinum inú ẹ̀ ò tó nǹkan rárá, ó fọ́n káàkiri. Ìgbà tí imí-ọjọ́ pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló wá ya sọ́tọ̀ ní ẹ̀kán ẹ̀kán pẹ̀lú irin, bí epo ṣe ń ya kúrò lára omi. Epo tiwa ń léfòó, tiwọn ń rì, gbogbo platinum tí wọ́n bá sì pàdé lọ́nà ló ń lẹ̀ mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìpele tí Hans Merensky, onímọ̀ nípa òkúta, tọpa rẹ̀ ní 1924 ṣe wáyé: níbi púpọ̀ kò nípọn tó mítà kan, gíráàmù díẹ̀ ló sì wà nínú tọ́ọ̀nù kan.

Mo ní ṣé ìlà dúdú yìí náà ni wọ́n ń wà? Bàbá rẹ́rìn-ín. UG1 ni wọ́n ń pe ìpele chromite yìí, ó ní, ẹwà ló ní. UG2, ìpele chromite mìíràn tó wà lókè ẹ̀, ló lówó lọ́wọ́. Olùkọ́ yunifásítì kan láàárín wa takò ó pé kì í ṣe rírì nìkan, pé omi gbígbóná láti ìsàlẹ̀ lè ti gbé lára platinum náà gòkè. Bàbá ní kí òun tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń jà sí i. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5, ti bàbá sì ni gbogbo ẹ̀. Ẹ gba ọ̀rọ̀ kòtò yẹn ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì mú òkúta kankan níbẹ̀, òfin ń dáàbò bò ó. Wọ́n ní kí n dá tèmi padà látinú àpò.