Ère Ìyá Arúgbó Tí Mo Rà ní Àkúrẹ́

₦18,000 ni mo fi ra ère amọ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin amọ̀kòkò kan lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Ìyàwó mi ní owó gáàsì ni mo lọ fi ra iyẹ̀pẹ̀.

Ìyá arúgbó ni ère náà. Ó jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán, ìró rẹ̀ ti fẹ́ tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ni mo rí tí mo fi yọwó: ìpéǹpéjú òsì wálẹ̀ ju tọ̀tún lọ, bí ẹni tí oorun ń kùn àmọ́ tó ṣì ń retí ọmọ tó lọ sájò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá ìyá mi rí lọ́dún tó kú.

Nígbà tí mo gbé e, ó fúyẹ́. Mo ní, "Àbí wọ́n ti rẹ́ mi jẹ?" Amọ̀kòkò náà dojú ère délẹ̀, ó fi ihò abẹ́ rẹ̀ hàn mí. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí amọ̀ bá nípọn jù, omi inú rẹ̀ á di ooru nínú iná, ère á sì bẹ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ tiwa. Ní 1971, Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn ọmọ Nàìjíríà, hú àwọn ère amọ̀ àtijọ́ jáde nílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀.

Ibi tó kù sí: ìwé ìròyìn lásán ni amọ̀kòkò náà fi wé ère mi. Kí Màrúwá tó gbé mi dé Ìjàpọ̀, ìka ẹsẹ̀ ìyá ti kán. Mo gbé e padà, ó fi gúlù lẹ̀ ẹ́, kò gba kọ́bọ̀. Àpá ṣì hàn ṣá. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú àkísà dání.