Àwọn tó bá wa to ẹ́ńjìnnì síìtì Hilux wa ní Muṣin, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí rèé

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní pick-up àtijọ́ tẹ́ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí owó tó bọ́ lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì síìtì nìkan, ìyẹn irin àti rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé lórí sáàsí (egungun irin abẹ́ mọ́tò), ò kéré rárá.

Hilux àtijọ́ ni tiwa, 22R ló wà nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì oníkàbúrétọ̀ yẹn. Bàbá mi ló rà á, òun la fi ń kó tòmátì àti ata láti Mile 12 wá sí Sùúrùlérè. Ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe gudugudu méje yàyà mẹ́fà fún wa, àmọ́ ó wá di pé ó ń mu ọ́ìlì lójoojúmọ́, èéfín ẹ̀ sì ń lé oníbàárà. La bá ní ká gbé 3RZ sí i, 2.7 tó wà nínú àwọn Hilux tó dé lẹ́yìn tiwa, oní injector, fáàfù 16, ṣéènì ló ń lò kì í ṣe bẹ́líìtì. Ládípọ̀, ọjà páàtì mọ́tò ní Muṣin, ni mo ti rà á, tòun ti gíà ẹ̀ àti brain box ẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), tẹ́ẹ bá fẹ́ ra tiyín ẹ má jẹ́ kí wọ́n yà wọ́n o.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ₦90,000 ló gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ 3RZ ò bọ́ sí ojú ibi tí ẹsẹ̀ 22R ń jókòó sí lórí sáàsí, kálukú ló ní ibi tiẹ̀. Dípò kó ṣe ìjókòó tuntun, ńṣe ló fi iná gáàsì yọ́ ti àtijọ́, ó fi òòlù tẹ̀ ẹ́, ó wá fi iná náà fẹ ihò bóòtù títí bóòtù fi wọlé tipátipá. Ó tún jó irin yẹn nígbà tí rọ́bà ṣì wà lára ẹ̀, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo yáàdì, mo bi í, ó ní kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì ti fì sápá ọ̀tún, fáànù ń ha kọ́bà rédíétọ̀, gíà kẹrin sì ń fò jáde fúnra ẹ̀. Ọjọ́ kan ní Òjótà, ẹrù kún ẹ̀yìn, rọ́bà ọ̀tún já pátápátá, mo gbọ́ gbàà lábẹ́ mọ́tò, ọkàn mi fò, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa danfo ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ yìí, kò jìnnà sí Ládípọ̀, lápá Fatai Atere. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ jórinjórin àti ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì ló ni ín. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹ̀, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì yìí ò jókòó o, ó kàn lóṣòó ni."

Gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ jó mọ́ sáàsí ni wọ́n gé kúrò, wọ́n lọ ojú irin náà títí ó fi dán. Wọ́n de ẹ́ńjìnnì àti gíà pọ̀, wọ́n fi ṣéènì bílọ́ọ̀kù gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú mọ́tò, wọ́n fi jáàkì àti pákó gbé e dúró lábẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò tíì wo ọ̀rọ̀ síìtì rárá lásìkò yẹn. Ibi tí ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ fẹ́ wà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá: ṣé sọ́ǹpù (àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì) ò kan irin tó dábùú lábẹ́, ṣé irin stẹ́ríǹgì ráyè yí, ṣé fáànù jìnnà tó sí rédíétọ̀. Wọ́n wá gbé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì lé e, torí ìdí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bíi digirí 3, kó bá bí imú dífà ẹ̀yìn (gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì) ṣe kọjú sókè mu, bí méjèèjì ò bá bára mu pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń yí láti gíà dé dífà, á máa gbọ̀n, kò sí rọ́bà tó lè gbà yín. Mo rò pé ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ò mọ̀ gan-an nìyẹn.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì wà níbi tó yẹ ni wọ́n tó de rọ́bà mọ́ ọn, wọ́n fi páálí gé bí ìjókòó náà á ṣe rí, wọ́n wá gé irin tó nípọn tó mílímítà 6 bíi páálí yẹn. Wọ́n kàn fi iná tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kó dúró ni, wọ́n tún gbogbo ẹ̀ wọ̀n, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì jáde, wọ́n yọ rọ́bà, wọ́n yọ orí bátìrì, wọ́n sì yọ brain box, kí wọ́n tó jó o dáadáa. Wọ́n fi irin onígun mẹ́ta tì í lẹ́yìn kó má ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dè é, ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo bóòtù, sípánà ò kàn án àfìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbé gbogbo ìwúwo ẹ̀ lé rọ́bà. Wọ́n tún fa wáyà earth tó nípọn láti ara ẹ́ńjìnnì sí sáàsí, torí rọ́bà ò jẹ́ kí iná kọjá, bí wáyà yẹn ò bá sí, iná kíkíi, èyí tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí, á wá ọ̀nà míì gbà, ó lè jó kébù tọ́rọ́tù yín (wáyà irin tó wá láti ibi tẹ́ẹ ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré). Irin tó gbé gíà náà, wọ́n sún un, wọ́n sì gbé pùròpẹ́là lọ tún gígùn ẹ̀ ṣe.

Ti rọ́bà, tòkunbọ̀ la rà fún ẹ́ńjìnnì, bàbá ló bá mi yàn án, ojú ibi tí rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ irin ni wọ́n ń wò bóyá ó ti ń là. Méjèèjì jẹ́ ₦38,000. Mo bi wọ́n pé ṣé ká kúkú fi irin dè é pa láìsí rọ́bà, wọ́n ní bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì á wọnú mọ́tò, sáàsí á sì là.

Àléébù wọn wà o. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n pè é, ọjọ́ mẹ́fà ló gbà, mo sì ń san owó ọkọ̀ akẹ́rù fún tòmátì ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Wọn ò kun ojú ibi tí wọ́n jó lọ́dà àfìgbà tí mo sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ìpẹtà Èkó yìí ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Rìsíìtì náà, mo bèèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. ₦160,000 ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ ọwọ́, ó wọ́n lójú mi nígbà yẹn, àmọ́ ó ti lé ní oṣù mẹ́rin báyìí, apẹ̀rẹ̀ 15 lẹ́yìn, láti Kétu dé Ojúẹlẹ́gba, dígí iwájú mi ò gbọ̀n, gíà ò fò, ọkàn mi balẹ̀ lórí stẹ́ríǹgì, kí Ọlọ́run ṣáà bá mi bù kún wọn.

Ẹ má gbàgbé rìsíìtì ẹ́ńjìnnì láti Ládípọ̀ o, nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì tuntun gbọ́dọ̀ wọnú pépà mọ́tò, bí ọlọ́pàá bá yẹ̀ ẹ́ wò tí kò bára mu wàhálà ni.

Bàbá ní kí n padà wá tí mo bá ti wà á bíi kìlómítà 500 kí wọ́n tún bóòtù wò. Mo lọ, méjì ti dẹ̀ díẹ̀, wọ́n fún un pa, wọn ò gba kọ́bọ̀.