Sílẹ́ẹ̀jì tí a fi ń wọ́ gẹdú lórí sínóò (yìnyín): onípákó ẹlẹ́sẹ̀ méjì àbí ike dúrọ́ọ̀mù?

Tí ọ̀nà yín bá ti le, tí sínóò ibẹ̀ ti kì mọ́lẹ̀ dáadáa, onípákó ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni kẹ́ ẹ kàn. Pákó gígùn méjì ni ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ gé iwájú wọn kó tẹ̀ sókè, ẹ wá fi igi mẹ́ta dábùú wọn, bóòtù onínọ́ọ̀tì sì dáa ju ìṣó lọ torí ìṣó máa ń tú tí ẹrù bá ń mì. Ó máa ń lọ tààrà, ó sì gba gẹdú tó wúwo gan. Àmọ́ tí sínóò bá rọ̀ tó sì jìn, hà, ẹsẹ̀ tín-ín-rín yẹn á kàn rì wọlé ni, ẹ ó máa fà á, kò ní lọ.

Ibẹ̀ ni ike dúrọ́ọ̀mù ti borí. Ẹ gé orí àti ìdí ẹ̀ kúrò, ẹ là á lóòró, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ fi okùn fa iwájú ẹ̀ tẹ̀ sókè, ó parí. Ó fẹ̀, kì í tètè rì. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó máa ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kiri.

Èmi fẹ́ràn onípákó. Èyí tó wù kẹ́ ẹ ṣe ṣá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má lo okùn, ọ̀pá tí kì í tẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi fà á, torí okùn ò lè dá ẹrù dúró, gẹdú á gbá yín lẹ́sẹ̀ látẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ìdí gẹdú máa wọ́ nílẹ̀, òun ló ń ṣe bíi bíréèkì. Tẹ́ ẹ bá sì ṣíwọ́, ẹ ki igi bọ abẹ́ ẹsẹ̀ onípákó kó má bàa dì mọ́lẹ̀ mọ́jú.