Orín Àtà àbí Búrọ́ọ̀ṣì: Èwo Ló Bá Erìgì Mu?

Ìyá tó ń ta orín ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, rẹ́rìn-ín sí mi: "Ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti ń run orín, eyín mi pé." Mi ò bá a jiyàn. Orín àtà máa ń ta lẹ́nu, itọ́ á máa sun, ẹnu á sì mọ́. Lọ́dún 1987, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá gba àwọn tó ti mọ orín lò níyànjú pé kí wọ́n máa lò ó lọ.

Ẹ̀yìn ni orín ti ń jáni kulẹ̀. Eyín iwájú la máa ń gbo títí táá fi dán, a ó wá gbàgbé àwọn ti ọ̀hún, níbi tí ìdọ̀tí ti ń lẹ̀ mọ́ etí erìgì. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ń dé ibẹ̀: ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Kì í ṣe bí ẹni ń fi kànrìnkàn ha ìkòkò o!

Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lára erìgì, ọ̀pọ̀ wa á sá fún ojú ibẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ńṣe ló tún ń wú sí i. Ìdọ̀tí ló sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹ rọra máa fọ̀ ọ́ lọ. Tí ìdọ̀tí bá ti gan mọ́ eyín bí òkúta, orín ò lè ṣí i, búrọ́ọ̀ṣì ò lè ṣí i, dókítà eyín ló ní irinṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má fi falẹ̀ rárá, torí àìsàn erìgì máa ń tètè le lára wọn, bó bá sì ti jẹ egungun tó di eyín mú, kì í sábà hù padà.

Èmi ti mú méjèèjì: búrọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ àti lálẹ́, orín lọ́sàn-án. Ìyá yẹn ò tíì mọ̀.