Owó Ilé Ìwé Lórí Ilé Tuntun ní California: Ọ̀nà Ìgbowó Rẹ̀ Mọ́yán Lórí, Iye Rẹ̀ Ló Kéré

Ní California, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé kò lè rí ìwé àṣẹ gbà lọ́wọ́ ìjọba ìlú àfi tó bá kọ́kọ́ san owó ilé ìwé fún ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwé agbègbè rẹ̀. Láti ọdún 1986 ni òfin ti fàyè gba owó yìí, ìdí rẹ̀ ò sì ṣòro yé: ilé tuntun ń kó ọmọ wá, ọmọ sì ń fẹ́ kíláàsì. Tẹ́ ẹ bá san án, ẹ máa gba ìwé ẹ̀rí. Ìwé yẹn ni ìjọba ìlú máa béèrè. Ibi tí ètò yìí ti dáa jù lọ nìyẹn. Ẹni tó ń kọ́ ilé ọgọ́rùn-ún kò lè kọ́ ọ tán, kó tà á tán, kó wá sá lọ láìsanwó.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, iye tó ga jù ní ìpele kìíní, ìyẹn èyí tó kéré jù nínú àwọn ìpele owó yìí, di dọ́là 5.17 lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan fún ilé gbígbé, àti sẹ́ǹtì 84 fún ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ilé iṣẹ́. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún un wò. Ní iye yẹn, ilé tó fẹ̀ tó 2,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin á san dọ́là 10,340. Níbi tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama bá wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣe ni wọ́n máa pín iye kan náà láàárín ara wọn. Ẹ má san odidi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi wíwọn ilé ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Gáréèjì, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti fàráńdà, kódà èyí tí wọ́n mọ ògiri yí ká, kò sí nínú ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò. Kí ayàwòrán ilé kọ ti inú ilé sọ́tọ̀ lórí pílánù. Tó bá jẹ́ àpapọ̀ nìkan ló kọ, àpapọ̀ náà ni akọ̀wé lè ṣírò. Àfikún sí ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ kì í san nǹkan kan bí kò bá ju 500 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ. Bó bá di 520, wọ́n máa ń ṣírò gbogbo rẹ̀ ni: dọ́là 2,688 àti sẹ́ǹtì 40. Ẹ yáa dín ogún yẹn kù. Ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà ń san iye ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ wá ńkọ́? Ilé ọgọ́rùn-ún tó fẹ̀ tó 2,000 á mú dọ́là 1,034,000 wá. Owó yìí kò lè ra ilẹ̀ ilé ìwé, kó tún kọ́ ọ. Òfin ọdún 1998 mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí ìpínlẹ̀ san ìdajì ilé ìwé tuntun, kí agbègbè san ìdajì yòókù. Ṣùgbọ́n inú owó bọ́ǹdì, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá, tí aráàlú dìbò fún ni ti ìpínlẹ̀ ti ń wá, irú bíi bílíọ̀nù 10 dọ́là tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Bó bá tán, agbègbè á máa dúró lórí ìlà. Ọmọ kì í dúró ní tirẹ̀. Kíláàsì tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá ni wọ́n máa ń kó wọn sí, èyí tí wọ́n pè ní ti ìgbà díẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó dùn wá jù ni pé òfin yẹn kan náà kò jẹ́ kí ìlú sọ pé òun ò ní fọwọ́ sí ilé tuntun nítorí pé ilé ìwé ti kún. Lójú òfin, ẹni tó ti sanwó ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tán. Ó yẹ kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe.

Agbègbè tí nǹkan le fún lè gba owó ìpele kejì, tó sún mọ́ ìdajì iye tí kíláàsì máa náni gan-an. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò àìní rẹ̀, kó sì tún un ṣe lọ́dọọdún. Bó bá gbàgbé, ó ti padà sí ìpele kìíní nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé tuntun, ẹ wo owó Mello-Roos, ti òfin ọdún 1982, nínú owó orí ilé náà; owó orí àkànṣe ni, tí wọ́n fi ń san owó ilé ìwé àtàwọn iṣẹ́ ìlú míì. Níbi tí olùdìbò kò bá tó 12, àwọn onílẹ̀ ló ń dìbò lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń kọ́lé tà ti lè dìbò tán kẹ́ ẹ tó dé, ẹ̀yin lẹ ó sì máa san án. Ẹ béèrè iye ọdún tó kù.

Wọn ò gbọdọ̀ fi owó ilé ìwé yìí ṣe àtúnṣe ojoojúmọ́. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin fàyè gbà fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Bí àṣẹ ìkọ́lé yín bá kú láìtíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó yín ń padà, wọ́n á kàn yọ owó iṣẹ́ ọ́fíìsì. Bí iye tí wọ́n dá lé yín kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ san gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ ìwé ẹ̀hónú láàárín 90 ọjọ́, kẹ́ ẹ sì fi pílánù tó fi ìwọ̀n inú ilé hàn ti rìsíìtì lẹ́yìn.