Ẹgbẹ́ Onílé Àdúgbò Wa n'Ígbógbò: Owó Oṣooṣù Mi Kò Bọ́ Sómi, Àmọ́...

Ọdún 2021 ni mo kó wọ ilé ara mi lẹ́yìn Ìgbógbò, n'Íkòròdú. Mile 12 ni mo ti ń háyà ilé tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ onílé kò sì kàn mí rí. Láńlọ́ọ̀dù ló ń lọ sípàdé, tèmi ni kí n sanwó ilé. Mi ò tíì tú ẹrù tán lọ́jọ́ tí mo kó dé tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi mú ìwé wá bá mi: owó ìforúkọsílẹ̀ ₦20,000, owó oṣù ₦2,000, ìpàdé ní Sátidé kejì oṣù, aago méje àárọ̀ gééré, ẹni tó bá pẹ́ dé yóò san ₦500. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ míì rèé?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ wojú wọn ná.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń ra ilẹ̀ sápá Ìjẹdẹ àti Ìmọ́tà máa ń bi mí pé ṣé ó yẹ kéèyàn máa san irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún mi.

Gọ́tà ló yí mi lọ́kàn padà. Àdúgbò wa dagẹ̀rẹ̀, gbogbo òjò tó bá rọ̀ lókè, iwájú ilé mi ló ń gbà kọjá. Lóṣù Kẹfà tó tẹ̀ lé e, omi wọ pálọ̀ débi ìdí fíríìjì. Mo lọ bá alága, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mo ní kí wọ́n bá mi pe ìjọba. Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, a ó kọ̀wé sí wọn o, ṣùgbọ́n a ò ní jókòó ti ìwé." Wọ́n sì kọ ọ́ lóòótọ́. Abẹ́ Ìgbógbò/Bàyékù la wà, ọ̀kan nínú LCDA (ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè) 37 tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2003. Ẹgbẹ́ wa ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, nítorí náà wọ́n mọ̀ wá lọ́fíìsì. Síbẹ̀, ìwé wà lọ́hùn-ún, omi wà lọ́dọ̀ wa. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ṣọ́bìrì jáde.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá oníbúrẹ́dì ni gọ́tà ti dí. Èèyàn mẹ́fà ló gbé kọ́ńkéré tó bò ó. Ohun tá a bá lábẹ́ rẹ̀ kọjá sísọ: ọ̀rá piọ́ wọ́tà bí ẹni tẹ́ ẹní, àpò sìmẹ́ǹtì, tàyà ọ̀kadà, àti ìrọ̀rí. Odindi ìrọ̀rí! Dòní olónìí, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ pé òun ló ni ín. Yanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ilé tí ẹnì kan ń kọ́ lókè ni òjò sì ti wọ́ ọ wá. Ẹgbẹ́ ní kí onílé náà kó yanrìn rẹ̀ kúrò lójú títì, kó sì fi àpò sìmẹ́ǹtì méjì ṣe ìtanràn. Ó kọ́kọ́ janpata, ó padà gbé e wá. Bíríkìlà tó jẹ́ ọ̀kan nínú wa ló fẹ kọ́fáàtì náà lójú, owó oṣù la fi ra irin. Láti ìgbà náà, omi ò wọlé mi mọ́.

Kódà lẹ́yìn tí ìjọba Èkó fòpin sí òfin kónílé-ó-gbélé ti sanitéṣọ̀n lọ́dún 2016, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ṣì ni ọjọ́ ìgbálẹ̀ tiwa. Géètì ń tì lágogo mọ́kànlá alẹ́, ọlọ́dẹ wa kì í sùn (tàbí kó jẹ́ pé mi ò tíì ká a mọ́bẹ̀). Ilẹ̀ òfìfo kan tó fẹ́ di ààtàn, wọ́n ṣán an, wọ́n to bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi fúrúùtù ibẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀yìn náà la wá kan ọ̀rọ̀ owó. Lọ́dún 2023 tírańsífọ́mà jó, wọ́n bu ₦35,000 fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ iná ló yẹ kó rà á. Bí àdúgbò bá sì máa rà á fúnra rẹ̀, ìlànà NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, nígbà náà ni pé kí àdúgbò àti ilé-iṣẹ́ iná kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé àdéhùn kí owó lè padà. Tiwa kò níwèé kankan, a kàn rà á, a fà á lé wọn lọ́wọ́ ni. Nígbà tí akápò ń ka ìnáwó nípàdé, ó ka "àwọn nǹkan mìíràn, ₦140,000", ó sì fẹ́ kọjá. Mo nawọ́ sókè, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé "nǹkan mìíràn". Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Bàbá kan ní, "Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá lẹ fẹ́ kọ́ wa ní ìṣirò?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n mi ò jókòó. Ìpàdé mẹ́ta la fi fà á. Owó ọkọ̀, owó kíréènì àti owó àwọn tó so wáyà ló jẹ́, kò sì sẹ́ni tó mú rìsíìtì kankan jáde. Ohun tá a rí gbà níbẹ̀ ni pé oṣooṣù ni akápò ń fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́ sórí WhatsApp báyìí.

Ohun tí mi ò tíì fara mọ́ ni ti àwọn ayálégbé. Wọ́n ń san owó ọlọ́dẹ, wọ́n ń gbálẹ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n wọn kò láṣẹ láti dìbò. Èmi tí mo ti háyà ilé rí, ó máa ń dùn mí.

Máàkì méje nínú mẹ́wàá ni mo fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ralé tàbí ilẹ̀ lápá ibí, kó wá wo àdúgbò lọ́jọ́ òjò, kó sì ní kí akọ̀wé fi ìwé owó hàn án kó tó sanwó. Sátidé kejì ń bọ̀ lọ́nà. Mo ti sọ fún akọ̀wé pé kó fi ọ̀rọ̀ ìbò àwọn ayálégbé sára ohun tá a máa jíròrò nípàdé. Ó ní òun á rí i bóyá àyè á wà.