Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní jẹ́léósinmi yìí dáa gan-an, àmọ́ adé oṣooṣù yẹn ń bí mi nínú

Ká ní kì í ṣe ti adé oníwèé yẹn ni, mi ò bá má kọ nǹkan kan nípa jẹ́léósinmi tí ọmọ mi ń lọ. Inú ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló wà, ọmọ mi sì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Yàrá tó mọ́, olùkọ́ tó kàwé, ibi ìṣeré tí wọ́n ṣọgbà yí ká, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ní. Mi ò ní fàkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Tí oṣù bá ti parí, wọ́n á pe àwa òbí wá, wọ́n á kó àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, wọ́n á wá máa pe orúkọ àwọn tí kò pa ọjọ́ kankan jẹ. Ẹni tí wọ́n bá pè á jáde síwájú, wọ́n á dé e ládé aláwọ̀ wúrà, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Lóṣù kan, ibà mú ọmọ mi, mo sì fi í sílé. Ìwé òfin iléèwé náà ló ní kí n fi í sílé: ara ọmọ gbọ́dọ̀ ti tutù fún wákàtí 24 gbáko láìlo oògùn ibà kó tó padà sí kíláàsì. Òfin tó dáa ni. Oògùn lè mú kí ara rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí àìsàn ṣì wà níbẹ̀, kí ọmọ sì kó o ran àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó wá di ọjọ́ adé, ọmọ tó jókòó ti ọmọ mi, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tó ń wúkọ́ látìgbà tí mo ti wọlé, ni wọ́n pè jáde. Mi ò bínú sí ọmọ náà rárá, ara rẹ̀ ò yá ni. Ọmọ tèmi ti dìde, ó ti ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Wọ́n pe orúkọ ẹlòmíì. Ó dúró. Wọ́n tún pe ẹlòmíì. Ó ṣì wà lórí ìdúró, ó ń wo olùkọ́ lẹ́nu, títí àǹtí tó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ fi wá fà á mọ́ra, tó gbé e jókòó sórí itan rẹ̀. Bá a ṣe ń lọ sílé, ó bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn. Ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ bá olùkọ́. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, òfin ni." Mo ní, "Ìwé òfin yín kan náà ló ní kí n má gbé e wá." Mo ṣí ojú ewé yẹn hàn án lórí fóònù. Ó kà á, ó mirí, ó ní ìwé tí àwọn fi ń pe orúkọ kò mọ aláìsàn yàtọ̀ sí ẹni tó lọ ṣeré. Ẹni tí kò wá, kò wá. Ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kò tiẹ̀ gbójú sókè tó fi ní ọ̀gá àgbà ò sí nítòsí, kí n lọ kọ lẹ́tà wá. Mo kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, lórí tábìlì rẹ̀ níbẹ̀, mo sì ní kó buwọ́ lù ú pé òun ti gbà á. Èsì tó padà wá kò ju ìlà mélòó kan lọ: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní adé ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fẹ́ràn iléèwé.

Kí wọ́n fẹ́ràn iléèwé kẹ̀? Ọmọ mi ti fẹ́ràn rẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ adé fún un! Láràárọ̀, á wá káàdì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, á fi kọ́ sára pátákó. Ibẹ̀ ló ti mọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ọpọ́n omi tí wọ́n kó ife àti abọ́ oríṣiríṣi sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọjọ́ orí yìí ló máa ń rò pé ife tó bá ga ló ń gba omi jù. Tèmi da omi inú ife gíga sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò kún, ó sì ń sọ ọ́ nílé títí tó fi sùn lọ. Ìtàn kan náà ni wọ́n máa ń kà fún wọn látọjọ́ Ajé. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ náà ló ń sọ ọ́ fún olùkọ́. Orin tí wọ́n fi ń fọwọ́ gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 20, torí bó ṣe yẹ kéèyàn fi ọṣẹ fọwọ́ pẹ́ tó nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bí kò ṣe ní kó àìsàn ranni náà ni wọ́n ti ń dé ẹni tó gbé ikọ́ wá ládé!

Mo mọ̀ pé wíwá déédéé ṣe pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá pa ìdá 10 nínú 100 ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ jẹ, wọ́n kà á sí ẹni tí àìwá rẹ̀ ti pọ̀ jù, kódà bó jẹ́ àìsàn ló fà á. Àmọ́ ohun tí ìyẹn wà fún ni kí wọ́n lè tètè mọ ìdílé tó nílò ìrànwọ́. Ọmọ ọdún 4 kọ́ ló ń gbé ara rẹ̀ lọ síléèwé, òun kọ́ ló sì ń pinnu ọjọ́ tí ibà máa mú un.

Lọ́dún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní jẹ́léósinmi Yunifásítì Stanford. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà ni wọ́n lò. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ tó ní ríbọ́ọ̀nù fún àwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán, wọ́n sì fún wọn. Nígbà tó yá, tí kò sí ẹ̀bùn mọ́, àwọn yẹn gan-an ni kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ohun ìyàwòrán mọ́. Mo rí i lójú ara mi: ọmọ tó máa ń sáré lọ sídìí ọpọ́n omi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ṣé wọ́n máa fún mi ládé lónìí?" Tí mo bá ti ní rárá, kò ní fẹ́ wọlé.

Àǹtí tó gbé e sórí itan lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ọmọ mi ò gbé káàdì rẹ̀ kọ́ mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó wá nǹkan ṣe sí i. Látìgbà náà, ọmọ tó bá ṣàìsàn tó padà wá, gbogbo kíláàsì á kọrin kí i káàbọ̀, òun ló sì máa yan ìtàn ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo lọ dúpẹ́, ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá," ó sì mú ìwé kékeré kan jáde. Ohun tí ọmọ mi ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló kún inú rẹ̀: ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi síṣọ́ọ̀sì gé ìlà tó tọ́, ọjọ́ tó pín búlọ́ọ̀kù rẹ̀ fún ẹni tó ń sunkún, orúkọ tó sọ ìgbín tí wọ́n rí lẹ́yìn kíláàsì. Omi bọ́ lójú mi. Kò sẹ́ni tó ní kó máa kọ ọ́.

Ọmọ mi ti padà sídìí ọpọ́n omi. Ọ̀gá àgbà ò tíì yí òfin rẹ̀ padà, wọ́n sì tún pín adé lóṣù tó kọjá. Máàkì tí mo fún wọn ni 2 nínú 5, ibẹ̀ ló sì máa wà títí wọ́n á fi yọ adé yẹn kúrò. Mo ti gba fọ́ọ̀mù fún àbúrò ọmọ mi. Mo kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé ọ̀dọ̀ àǹtí yẹn ni kí wọ́n fi í sí.